Èèyàn Mélòó Ló Ń Mu Omi Nílé Yìí?

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe láyé mi ni kíka èèyàn nítorí omi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ogún ọdún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé-ìwé, mo gbọ́ Faransé débi pé mo máa ń fi halẹ̀ mọ́ àwọn tí kò gbọ́, mo sì rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Ọ́fíìsì omi kan ní Plateau, àárín ìlú Abidjan, ló gbà wá, àwa mẹ́jọ. Wọ́n fún wa ní bírò, pátákó pẹlẹbẹ tí a ó máa gbé ìwé lé, àti káàdì tí wọ́n lẹ fọ́tò wa mọ́. Ìyá mi gba káàdì yẹn lọ́wọ́ mi, ó gbé e káàkiri Williamsville, àdúgbò wa, fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó dá a padà.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìlú Abidjan ń wú. Ọdọọdún ni àwọn èèyàn ń rọ́ wọlé láti apá òkè lọ́hùn-ún níbi tí òjò ti ń já wọn kulẹ̀, láti Mali, láti Haute-Volta, láti ilẹ̀ Yorùbá tiwa náà. Ilé ń hù bí olú, ṣùgbọ́n omi kò hù bẹ́ẹ̀. Ìjọba fẹ́ ri páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò rì í sí, bí yóò ṣe tóbi tó, àti iye ẹnu ẹ̀rọ tí wọn yóò gbé sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, a ó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, a ó máa béèrè: èèyàn mélòó ló ń sùn níbí, níbo lẹ ti ń pọn omi, garawa mélòó lẹ ń lò lójúmọ́?

Ọ̀gá wa, òyìnbó Faransé kan tí irun orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pè wá jọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó fa ìlà gígùn kan sójú pátákó, ó ní páìpù nìyí. Ó ní bí a bá ti rì í mọ́lẹ̀ tán, kì í dàgbà bí ọmọ. Bí ẹ bá kọ ogún èèyàn, omi ogún èèyàn ni yóò máa gbà á kọjá títí irun yín yóò fi funfun. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Mo tún kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí mo fẹ́ kó rí i pé mo ń kọ nǹkan.

Ilé tiwa wà ní Williamsville, ní òpópó kan tí àwọn ará wa pọ̀ sí, àwọn tí ará ìlú ń pè ní Ànàgó. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: bàbá mi, ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó, ìyá mi, èmi, àti àwọn àbúrò mi obìnrin méjì. Kànga kan wà lẹ́yìn ilé tí ìyá mi ti ń fa omi rẹ̀ láti ìgbà tí mo ṣì ń rákò. Okùn ti mú kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le. Bó bá ń bá ẹ ṣeré tó fi ọwọ́ pa ọ́ lójú, ojú rẹ á ta ọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣèlérí fún un nígbà tí mo ríṣẹ́ ni pé omi ẹ̀rọ yóò dé ẹnu ọ̀nà wa, pé okùn yẹn yóò di ohun tí a fi ń sá aṣọ. Ó ṣàdúrà fún mi, ó sì ń bá ohun tó ń ṣe lọ.

Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àjèjì, àbúrò ìyá mi tó wà ní Kumasi dé bá wa. Òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọ márùn-ún, àpótí kan, àti máṣíìnì ìránṣọ kan tó rù lórí gba ẹnubodè kọjá. Nínú gbogbo ohun tó kó jọ lọ́hùn-ún, ìyẹn ló kù. Ìyá mi ló pọ̀n ọ́n dàgbà, nítorí ìyá wọn tètè kú. Ó kó ọjà rẹ̀ kúrò nínú yàrá tó ń kó o sí, ó gbálẹ̀ ibẹ̀, ó ní kí wọ́n wọlé. Ó wá sọ fún àbúrò rẹ̀ lójú gbogbo wa pé, "Kò sẹ́ni tí yóò tún lé ọ níbì kan mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé."

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo tí ìyá mi ń fẹ́ nìyẹn, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: kí àbúrò rẹ̀ rí ibi jókòó, kí ẹnì kan má sì bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Àbúrò náà jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń ránṣọ lábẹ́ òrùlé tó wà níwájú ilé, bí ẹni tó wọ aṣọ kakí bí ọlọ́pàá bá sì ń kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń kó lẹ́tà kiri ni, yóò fi ọwọ́ dá àgbá tó ń yí lára máṣíìnì dúró títí ẹni náà yóò fi lọ. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà mìíràn. Òun náà a máa bá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jáwọ́.

Ọ̀gá fún mi ní òpópó ilé wa nítorí pé mo gbọ́ Yorùbá. Ó fún ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Jùlá, ẹ̀yà àwọn oníṣòwò láti apá òkè, tí wọ́n bí ní Adjamé, ní òpópó tó tẹ̀lé tiwa, níbi tí àwọn Jùlá pọ̀ sí. Àwa méjèèjì jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ara mi sì yá gágá. Mo rò pé tèmi ni yóò rọrùn jù, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá mi àti bàbá mi ni mò ń lọ.

Ẹni tó bá gbọ́ èdè wa ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nílé àkọ́kọ́, ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Adjamé ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo bi í léèrè tí wọ́n ní kí n bi í. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ẹ níṣẹ́ yìí?"

"Byúrò omi ni, ìyá wa. Wọ́n fẹ́ mọ iye ẹni tó wà nílé."

"Kí wọ́n wá fi wá ṣe kí ni?"

"Kí omi lè tó wa ni, mà."

"Ọlọ́run nìkan ló mọ iye wa. Kọ èmi àti ọkọ mi."

Lẹ́yìn rẹ̀, nínú àgbàlá, mo ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n rọ̀gbà yí abọ́ oúnjẹ ká. Mo yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má dà bíi pé mò ń kà wọ́n. Mo kọ méjì.

Nílé kejì, bàbá kan tó ti lé ní ogún ọdún nílùú náà sọ fún mi pé àwọn kò gbé níbí. "Ọjà la wá ná. Ilé wa wà nílé. Àjò ò lè dùn kí onílé má relé, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé àlejò ni wá."

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan, tí irùngbọ̀n ti hù, rẹ́rìn-ín níbi tó dúró sí. Ó ní, "Mais papa, on est nés ici." Treichville, nínú ìlú yìí kan náà, ni wọ́n bí gbogbo wọn sí, wọn kò mọ ọ̀nà Náìjíríà lójú àlá.

Bàbá rẹ̀ ní, "Dákẹ́. Ta ló bi ẹ́?"

Mo kọ ẹyọ kan.

Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn láti ilé dé ilé. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan láti jẹun, ó gba ìwé ọwọ́ mi, ó wò ó, ó sì ya ẹnu. Tirẹ̀ kún fọ́fọ́. Mo bi í pé báwo ni àwọn èèyàn tirẹ̀ ṣe ń dá a lóhùn. "Mon vieux, èmi kì í bi wọ́n," ló sọ fún mi lédè Faransé. Ó ní ẹni tó bá béèrè yóò gbọ́ irọ́. Ẹní ni òun ń kà, ẹní tí wọ́n sá sára ògiri láàárọ̀, ẹní kan fún èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, ó tán. Mo sọ fún un pé ní tiwa, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni kí èèyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà onílé kó máa ka ẹní wọn. Mo sọ ọ́ tìgbéraga-tìgbéraga. Ó gbé èjìká sókè, ó sì ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ.

Ilé tiwa ni mo fi kẹ́yìn. Àbúrò ìyá mi wà nídìí máṣíìnì nígbà tí mo mú ìwé jáde, ó rí òǹtẹ̀ ìjọba tó wà lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sára àgbá.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwé kí nìyẹn?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi títí mo fi parí.

"Ní Kumasi náà, ìwé ló kọ́kọ́ dé. Ọmọkùnrin dáadáa kan bíi tìrẹ ló gbé e wá. Ó kí wa, ó kọ wá sílẹ̀, a tún fún un lómi mu. Nígbà tí wọ́n wá ń lé wa, wọn ò bi ẹnikẹ́ni lọ́nà ilé wa."

"Ti omi lèyí, Bọ̀dá."

"Mo mọ̀ pé ti omi ni. Má fi wá sí i."

Ìyá mi ti jáde wá láti ẹ̀yìn ilé, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó ń nù ún sí ìró rẹ̀. Mo wò ó. Mo fẹ́ kó sọ fún mi pé kí n kọ òótọ́, nítorí bó bá sọ ọ́, mi ò ní jẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ìyá mi kò dárúkọ iye kankan. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò ka ọmọ rí, àní nígbà tó bá ń bu oúnjẹ, orúkọ ló fi ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn sọ pé, "O ṣáà gbọ́ ohun tó wí."

Mo mọ̀ pé mẹ́tàlá ni wá. Lórí ẹní kan náà pẹ̀lú mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo ti jí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ọ̀kan wà lórí ikùn mi. Mo kọ mẹ́fà, mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá rí ìwé mi, ó fi ìka lu òpópó wa lórí àwòrán ìlú. Ó bi mí ní Faransé pé ṣé gbogbo àwọn Ànàgó nìyí. Mo ní, "C'est tout, monsieur," pé gbogbo wọn nìyẹn. Ó wò mí díẹ̀, ó wá ní ó dáa, èmi ni mo mọ̀ wọ́n ju òun lọ. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di òní. Ọkùnrin náà gbà mí gbọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ri páìpù. Òpópó àwọn Jùlá rí ẹnu ẹ̀rọ mẹ́ta àti páìpù tó nípọn. Òpópó tiwa rí ẹyọ kan, lókèèrè, lẹ́bàá títì, páìpù rẹ̀ kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Inú bí àwọn ará wa. Wọ́n ní nítorí pé àlejò ni wá ni, wọ́n ní àwọn Jùlá lẹ́ni nínú ìjọba. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n pinnu láti kọ ìwé ẹ̀hónú, èmi tí mo gbọ́ Faransé ni wọ́n sì ní kí n bá wọn kọ ọ́. Mo kọ ọ́. Mo fi gbogbo gírámà tí mo mọ̀ sí i. Ìyá aláṣọ, tó ní kí n kọ òun àti ọkọ òun, jókòó níwájú mi, ó ń sọ pé kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ ilé òun ò níye. N kò sọ fún wọn pé ẹnu wa ló kó bá wa. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi ti bá mi dákẹ́ tipẹ́, mo sì tún mú ti gbogbo òpópó mọ́ ọn.

Fún ọdún kan, ó ṣeé fara dà. Òjò rọ̀ dáadáa, kànga kún, omi ẹ̀rọ náà sì ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e ni ọ̀rọ̀ yí padà. Òjò lọ́ra láti dé, àwọn èèyàn láti òkè gbígbẹ sì túbọ̀ ń pọ̀ sí i nínú ìlú. Wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ sí apá Yopougon ní etí ìlú, ilé-iṣẹ́ a sì máa mu omi ju agbo màlúù lọ. Ẹnu ẹ̀rọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn. Láàárọ̀, yóò wúkọ́, yóò tu omi díẹ̀, yóò sì dákẹ́. Garawa tí ìyá mi bá jù sínú kànga a máa dún gbàgà lórí iyanrìn, ohun tó bá sì gbé jáde, ẹrẹ̀ ni.

Ọ́fíìsì wa wá ṣètò ọkọ̀ agbomi tí yóò máa wá lọ́jọ́ méjì-méjì. Omi kò lè tó gbogbo èèyàn bí ọkàn wọn ṣe ń fẹ́, nítorí náà wọ́n ní kí wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí iye èèyàn, garawa méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tẹ orúkọ àwọn ojúlé jáde. Mo mọ iye tó wà níwájú wọn. Èmi ni mo kọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ dé, òṣìṣẹ́ kan dúró sórí rẹ̀, ó ń pe nọ́ḿbà ilé. Wọ́n pe ti ìyá aláṣọ, wọ́n bu garawa mẹ́rin fún un. Ó dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ tó gbé abọ́ dání lẹ́yìn rẹ̀ sì pọ̀ kọjá ohun tí n lè wò. Ojú rẹ̀ ń wá mi kiri títí ó fi rí mi lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà ṣáà mọ̀ wá." Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Ì bá ti dáa kí ó bú mi.

Wọ́n bu garawa méjìlá fún ilé tiwa, fún ọjọ́ méjì. Bí a ó ṣe pín in fún èèyàn mẹ́tàlá di iṣẹ́ ìyá mi. Ó gbé ìkòkò omi mímu wọ iyàrá tirẹ̀. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì la fi ń fọ àwo, omi àwo la fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Ìyá bàbá mi ló kọ́kọ́ ń mu, lẹ́yìn náà àwọn ọmọdé. Bàbá mi, tó máa ń wẹ̀ bíi pé ó fẹ́ bó ara rẹ̀, di ẹni tó ń fi aṣọ tútù nu abíyá. A fi í rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìyàwó àbúrò ìyá mi ló jìyà rẹ̀ jù. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò gbé garawa lọ tọrọ omi ní òpópó àwọn Jùlá. Wọ́n fún un níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń sọ fún un pé "Jí tẹ́ yan", pé kò sí omi níbí, nígbà tó ń gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. N kò lè dá wọn lẹ́bi. Omi tí wọ́n kà fún wọn ni. Ìyàwó náà yóò sì padà wálé pẹ̀lú garawa òfìfo, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Mo rí i pé ó ti dín omi tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ń mu kù, kò sọ ọ́, ìyá mi náà rí i, kò sì sọ ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ wọn obìnrin, tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, bu ife omi kan nínú ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àbúrò mi kékeré láti fi bọ́jú lọ sílé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àbúrò mi di ife náà mú. Ó ní, "Omi wa lò ń mu yìí. Orúkọ rẹ ò sí nínú ìwé."

Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu èmi àti bàbá mi, níbi tí a ti ń bá ara wa jà lábẹ́lẹ̀ nítorí mẹ́fà tí mo kọ. Gbogbo àgbàlá ló gbọ́ ọ. Máṣíìnì dúró. Ìyá mi sáré dìde, ó gbá àbúrò mi lójú, ife sì bọ́ sílẹ̀. Ohun tó ń tì mí lójú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: omi tó dà sílẹ̀ ni gbogbo wa kọ́kọ́ wò. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹnì kan tó wo àwọn ọmọ tó ń sunkún.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àbúrò ìyá mi dìde, ó mú ife náà nílẹ̀, ó nù ún, ó fi kọ́ ibi tí a ń fi í kọ́. "Ẹ má nà án, Ẹ̀gbọ́n mi," ló sọ. "Kò purọ́." Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìró máṣíìnì mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti dé Plateau kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tó ọdún mẹ́ta, ó sì ti rẹ̀ mí. Mo dúró níwájú ọ̀gá, mo sọ gbogbo rẹ̀: ti ìyá aláṣọ, ti bàbá tó ní àlejò ni wọ́n, ti ilé wa. Mo sọ fún un pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Lédè Faransé, ọ̀rọ̀ náà kò ní ìtumọ̀ kankan. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ.

Kò pariwo. Ó tẹ́ àwòrán ìlú sórí tábìlì, ó ní kí n fi ìka tọ́ka sí gbogbo ilé tí mo ti kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ń tọ́ka, mo ń tọ́ka, títí n kò fi nílò láti gbé ìka sókè mọ́, nítorí gbogbo òpópó náà ni. Ó ní ti páìpù ti bọ́, páìpù ti wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n òun lè yí ìwé ọkọ̀ agbomi padà. Ó fún mi ní ìdì ìwé tuntun kan àti ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní, "Cette fois, comptez," pé lọ́tẹ̀ yìí, kí n kà wọ́n. Lẹ́yìn tí mo bá parí, ó ní, ká wá jọ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi.

N kò ro ti iṣẹ́. Inú mi dùn débi pé n kò lè dúró de bọ́ọ̀sì, takisí aláwọ̀ ọsàn kan ni mo wọ̀. Mo ti ń ṣírò rẹ̀ lójú ọ̀nà, mẹ́tàlá lọ́nà méjì, garawa mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo ti ń ro bí n ó ṣe sọ ọ́ fún àbúrò ìyá mi kí àyà rẹ̀ má baà já, pé èmi fúnra mi ni n ó di ìwé náà lọ́wọ́, pé kò ní dé ọwọ́ ọlọ́pàá kankan. Láti ilé wa ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, abẹ́ òrùlé iwájú ilé ṣófo. Ihò ẹsẹ̀ máṣíìnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nínú ilẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá wọn ṣí sílẹ̀, wọ́n ti gbá inú rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìgbálẹ̀ sì fara ti ògiri. Ìyá mi jókòó sí etí kànga, kò mú okùn dání.

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Yopougon. Ó ní ẹnì kan tí wọ́n jọ wà ní Kumasi ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó ní omi máa ń dúró nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́."

"Ẹ ò dá wọn dúró, Màmá?"

Ó fi ọwọ́ lu etí kànga tó jókòó sí.

"Ibí yìí ni mo jókòó sí, tí mò ń wò ó bó ṣe ń di ẹrù. Ìyàwó rẹ̀ wá kúnlẹ̀ síbí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ sọ pé kí wọ́n má lọ. Mo wá rántí pé ohun tó kù nínú ìkòkò ò ju garawa kan lọ, ọkọ̀ ò sì ní dé títí di ọ̀la." Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Ẹnu mi ò ṣí. Ọmọ tí mo pọ̀n."

Mo fi ìwé hàn án. Mo sọ fún un pé ọ̀gá ti gbà, pé mo fẹ́ kọ gbogbo wa sílẹ̀, pé n ó wọ ọkọ̀ lọ sí Yopougon nísinsìnyí lọ kó wọn wá. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó gba ìwé náà, ó wò ó pẹ́. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, àbúrò òun kò ní padà wá. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun lòun tọ́ ọ.

Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ síwájú mi, ó ń ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bàbá rẹ. Ìyá rẹ̀. Èmi. Ìwọ. Àwọn àbúrò rẹ méjèèjì."

Ó dá ìwé náà padà fún mi.

"Mẹ́fà ni wá," ló sọ. "Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́.